Sàkàrìyáù tó ń Kun Fáàfù

Sàkàrìyáù jù mí lọ dáadáa lọ́jọ́ orí, ṣùgbọ́n ẹ má retí kí n pè é ní "wọ́n" nínú ọ̀rọ̀ yìí. Ohun tí mo fi ojú ara mi rí ní Ìgàndò kò jẹ́ kí ọ̀wọ̀ yẹn ṣeé bù fún un.

Nígbà tí wọ́n gbé páìpù bẹntiróòlù gba orí ilẹ̀ ìdílé wọn, ilé-iṣẹ́ epo ní kí ìdílé mú ẹnì kan wá tí yóò máa tọ́jú fáàfù tí wọ́n fi ń ti epo níbẹ̀. Àwọn àgbà jókòó. Wọn ò béèrè ẹni tó mọ nǹkan, wọn ò béèrè ẹni tí ara rẹ̀ yá sí iṣẹ́. Sàkàrìyáù tó jẹ́ dáwódù ni wọ́n fà kalẹ̀. Bí ẹni tí kò tú nọ́ọ̀tì kẹ̀kẹ́ rí ṣe di ọ̀gá fáàfù nìyẹn.

Èmi Simeon, fítà tó ń tún páìpù ṣe fún ilé-iṣẹ́, tó ń gbé yàrá kan ní Ẹ̀gbẹ́dá, ni wọ́n ní kí n kọ́ ọ níṣẹ́. Mo kọ́ ọ, Ọlọ́run gbọ́. Mo ní: "Ẹ̀gbọ́n, ṣẹ́ẹ̀kì fáàfù tó wà lọ́nà Ìkòtún, tí kì í jẹ́ kí epo padà sẹ́yìn, fúnra ẹ̀ ló ń ṣí, fúnra ẹ̀ ló ń tì. Géètì fáàfù ni tiyín. Irin pẹlẹbẹ kan wà nínú ẹ̀. Tí ẹ bá yí wíìlì, irin yẹn á sọ̀kalẹ̀ bí ilẹ̀kùn, á dí ọ̀nà epo. Ẹ máa fi gíríìsì pa ọ̀pá ẹ̀, kí ẹ sì máa yí i síwá sẹ́yìn lóṣooṣù, kó má baà gan. Tí páìpù bá bẹ́ nísàlẹ̀ tí èyí ò sì tì, kànga yín ni epo máa kọ́kọ́ wọ̀."

Ó wò mí tìkà-tẹ̀gbin. Ó ní, "Simeon, ohun tí èèyàn ò bá fọwọ́ kàn kì í bàjẹ́." Ẹ gbọ́ ọgbọ́n àgbà o.

Ó fi àgádágodo ti ọgbà fáàfù, ó so kọ́kọ́rọ́ mọ́ ọrùn, ó gbé bẹ́ǹṣì síta kí àwọn tó ń kọjá lè máa kí i. Ayálégbé tí kò bá kí i dáadáa, á béèrè ilé ta ló ń gbé. Gíríìsì tí ilé-iṣẹ́ ń fún un, ìdí ẹ̀rọ ata ìyàwó ẹ̀, Wòsílátù, ló ń lọ. Ní gbogbo àdúgbò, ẹ̀rọ yẹn nìkan ni kì í ké. Mo jẹ ọbẹ̀ nílé wọn lẹ́ẹ̀kan, mi ò tún jẹ ẹ́ mọ́.

Ohun kan ṣoṣo tó mọ̀ ọ́n ṣe ni ọ̀dà. Tó bá ti gbọ́ pé àwọn ọ̀gá ń bọ̀ wá yẹ ibẹ̀ wò, á gbé ọ̀dà pupa, á kun wíìlì, á kun nọ́ọ̀tì, á kun ọ̀pá tó yẹ kó fi gíríìsì pa. Ọ̀dà lórí ọ̀dà, lọ́dọọdún. Àwọn ọ̀gá ọ̀hún náà ńkọ́? Wọn ò ní í sọ̀ kalẹ̀ nínú mọ́tò tán tí wọ́n á ti máa yìn ín pé ó ń dán. Mo ní, olójú kì í lajú ẹ̀ sílẹ̀ kí tàlùbọ̀ ó wọ̀ ọ́, kí wọ́n ní kó yí i kí wọ́n rí i. Ọ̀kan nínú wọn ní mò ń jowú onílẹ̀. Mo bá tèmi lọ jàre.

Lásìkò òjò ọdún 1993, páìpù bẹ́ nísàlẹ̀. Ìgbà tí mo fi dé láàárọ̀ ọjọ́ náà, òórùn bẹntiróòlù ti gba gbogbo àdúgbò, wọ́n ti ní kí ẹnikẹ́ni má dáná. Epo ń ṣàn lọ síbi kànga. Sàkàrìyáù rọ̀ mọ́ wíìlì, ó ń làágùn, wíìlì ò mira.

Ó ní, "Simeon, àwọn ọ̀tá ti ṣe é."

Ọ̀tá wo? Ọ̀dà ni. Mo fi ọ̀bẹ ha á, ó ń ṣí ní ìpele ìpele, ìpáàrà sì wà lábẹ́ ẹ̀. A ki irin bọ̀ ọ́, àwa ọkùnrin mẹ́rin rọ̀ mọ́ ọn, pàbó ló já sí. Mọ́tò ilé-iṣẹ́ ní láti sáré lọ ti fáàfù mìíràn lọ́nà jíjìn. Kí wọ́n tó débẹ̀, epo ti wọ kànga.

Bàbá Sàkàrìyáù ló gbẹ́ kànga yẹn. Ibẹ̀ ni gbogbo ayálégbé ti ń pọnmi, tí wọ́n sì ń kúnlẹ̀ kí màmá rẹ̀ láàárọ̀. Màmá fa korobá kan jáde, wọ́n gbóòórùn ẹ̀, wọ́n dà á sílẹ̀. Wọ́n fi pákó bo kànga náà lọ́jọ́ kejì.

Láti ọjọ́ yẹn, onílẹ̀ di ẹni tó ń lọ tọrọ omi nílé àwọn ayálégbé. Mo wà níbẹ̀ lọ́sàn-án ọjọ́ kan tí Sàkàrìyáù ru korobá omi wá láti ilé Matilda, tíṣà tó ń gbé òdìkejì. Ó sọ̀ ọ́ síwájú ìyá ẹ̀, ó dọ̀bálẹ̀. Màmá fẹsẹ̀ ti korobá náà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, wọ́n gbé kẹ́tù wọn, wọ́n pe Matilda láti ẹnu ọ̀nà.

Wọ́n ní, "Ọmọ mi, jọ̀ọ́, bá mi bu omi díẹ̀. Mo fẹ́ ṣe àlùwàlá."