Ológbò Mi Tí Wọ́n Tẹ̀ Lọ́dàá

Òbúkọ ni mo mọ̀ tí wọ́n máa ń tẹ̀ lọ́dàá, ìdí rẹ̀ kò sì ju pé kó lè sanra kí Iléyá tó dé. Nítorí náà, lọ́dún tí mo délé ọkọ ní abúlé kan lẹ́bàá Akanran, tí ìyá ọkọ mi ní àwọn yóò tẹ ológbò mi lọ́dàá, mi ò béèrè ìdí. Mo ti mọ̀ ọ́n. Mùsùlùmí ni wọ́n, wọn kò ní jẹ ológbò, ṣùgbọ́n àwọn alágbàṣe tó ń bá wọn roko kòkó kò kọ̀ ọ́. Ìyá ọkọ mi fẹ́ tà á fún wọn ni.

Akọ ológbò dúdú ni. Láti ilé bàbá mi ni mo ti gbé e wá, òun nìkan ló sì mọ̀ mí ní gbogbo agboolé náà kí n tó di ìyàwó ẹnikẹ́ni. Ìyá ọkọ mi kò fẹ́ràn rẹ̀ rí. Bó bá súnmọ́ ìdí ààrò, ìgbálẹ̀ ni wọ́n fi ń lé e. Kí ló wá kàn wọ́n nínú ọ̀rọ̀ abẹ́ rẹ̀?

Ọkùnrin tó máa ń tẹ òbúkọ lọ́dàá wá láti abúlé kejì. Ó ki orí ológbò náà bọ ẹsẹ̀ ògbólógbòó ṣòkòtò ọkọ mi, kó má baà fi èékánná ya wá.

"Ìyàwó, dì í mú dáadáa o," ó ní.

Mo dì í mú, mo ń sunkún. Ó fi abẹ gé e, ó fi eérú àti àdín sí ojú ọgbẹ́, ó ti parí. Ojú mi kò kúrò lọ́wọ́ rẹ̀, torí ayé le, mo fẹ́ mọ ibi tí yóò gbé ohun tó gé sí. Ó jù ú sẹ́yìn ilé, adìyẹ kan sì gbé e sáré. Mo fura sí adìyẹ náà pàápàá.

Mo tẹ́ ìró mi àtijọ́ sínú apẹ̀rẹ̀ fún ológbò náà, lẹ́yìn ilẹ̀kùn yàrá mi. Kò jẹun, ó kàn ń lá ọgbẹ́ rẹ̀, èmi sì ń bá a lé eṣinṣin. Ọjọ́ kejì ni ìyá ọkọ mi wọlé pẹ̀lú orí ẹja gbígbẹ. Èmi tí mo jẹ́ ìyàwó ilé, ìrù ẹja ni ìpín mi! Wọ́n rún un sí àtẹ́lẹwọ́ wọn, ológbò sì jẹ ẹ́. Láti ìgbà náà, àràárọ̀ ni wọ́n ń wá. Wọn a gbé ìrù rẹ̀ sókè, wọn a wo ọgbẹ́ náà, wọn a sì gbé e lọ́wọ́ wò.

"Ó ti ń wúwo," wọn a wí.

Ta ni yóò gbọ́ ìyẹn tí àyà rẹ̀ kò ní já? Mo sọ fún ọkọ mi, ó rẹ́rìn-ín títí. Ẹ̀rín rẹ̀ náà fu mí lára.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, mo gbọ́ ohùn ìyá ọkọ mi lẹ́yìn fèrèsé mi, àwọn àti obìnrin Aládùrà kan tí ilé rẹ̀ kọjú sí tiwa. Mo rò pé iye tí wọn yóò ta ológbò mi ni wọ́n ń sọ, mo sì tẹ́tí.

"Ìyá, ẹ má bínú o," obìnrin náà ń wí, "ọ̀rọ̀ ìyàwó yín ni. Wọ́n ríran sí i ní ṣọ́ọ̀ṣì wa pé òun ló ń di ológbò dúdú tó ń ké lórí òrùlé wa."

"Ṣé ó tún ké láti ọjọ́ tí a ti tẹ̀ ẹ́ lọ́dàá?"

"Kò ké mọ́."

"Ṣé kì í ṣe lójú rẹ ni ìyàwó mi ti ru omi kọjá lọ́jọ́ kejì? A fi abẹ gé ológbò, ṣé ìyàwó mi tiro?"

Obìnrin náà yí padà lọ sílé rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni gbogbo wa ṣe mọ̀ ọ́n: bí a bá ṣá àjẹ́ lọ́gbẹ́ nínú awọ ẹranko, ara rẹ̀ gan-an ni a ó ti rí ọgbẹ́ náà nígbà tí ilẹ̀ bá mọ́.

Mo jókòó ti apẹ̀rẹ̀, ojú tì mí, ẹ̀rù sì bà mí. Òkìkí yẹn ìbá lé mi kúrò nílé ọkọ, bí kò bá pa mí. Ìyá ọkọ mi ti gbọ́ ọ tẹ́lẹ̀ ni wọ́n fi tẹ ológbò lọ́dàá, kó má baà ké mọ́; ìdí nìyẹn náà tí wọ́n fi ń fún un lẹ́ja: bó bá kú, tí orí sì fọ́ mi lásán, ó parí fún mi nìyẹn.

Nígbà tí ìyá ọkọ mi wọlé tí wọ́n gbé ológbò lọ́wọ́, mo kúnlẹ̀, mo dúpẹ́, omi ń bọ́ lójú mi. Ṣùgbọ́n ọkàn mi kò jẹ́ kí n dákẹ́.

"Ìyá, ṣé ẹ̀yin náà ò rò bẹ́ẹ̀ sí mi rí?"

Wọ́n gbé ológbò kalẹ̀, wọ́n wò mí.

"Láàárọ̀ ọjọ́ kejì," wọ́n ní, "kí n tó wá wo ọgbẹ́ ológbò, ìrìn rẹ ni mo kọ́kọ́ wò."