Odó Tí Bàbá Oyèkúnlé Kò Jẹ́ Kó Di Àga

Ìtàn tí ará Ìmáṣàyí kọ́kọ́ máa ń sọ nípa olóògbé Bàbá Oyèkúnlé, tó ń gbẹ́ odó, ni ti ọjọ́ tó gbé ọmọ odó lé èjìká, tó gbé iṣu sísè dání nínú kúlà, tó sì já wọ gbọ̀ngàn ìpàtẹ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ní Ìlaròó. Àwọn kan ní iṣu mẹ́ta ni. Mẹ̀dínátù, akẹ́kọ̀ọ́ ọmọ Ìmáṣàyí tó wà níbẹ̀, ní ẹyọ kan ni, àmọ́ ó tóbi.

Ọ̀dọ̀ Rodiat, ọ̀rẹ́ Mẹ̀dínátù, ló lọ tààrà. Rodiat ti fi tìmùtìmù dí ẹnu odó, ó sọ ọ́ di àga. Iṣẹ́ àṣekágbá rẹ̀ nìyẹn. Bí wọn kò bá gbà á, yóò tún ọdún kan ṣe. Ó ku ọgbọ̀n ìṣẹ́jú kí àwọn olùyẹ̀wò dé.

"Rodiat, kí lo ní o fẹ́ fi odó mi ṣe?"

"Iyán ni, sà."

"Wọ́n wá ń jókòó lé iyán ní Ìlaròó?"

"Bàbá, ẹ má bínú. Mo mọ̀ pé a kì í jókòó lórí odó. Ṣùgbọ́n èyí tí iyán ò kàn rí, igi lásán ni."

"Òótọ́ lo sọ." Bàbá yọ tìmùtìmù, ó da iṣu sínú odó. Gbì! Gbì! Gbì! Gbogbo gbọ̀ngàn ya wá wòran. Nígbà tí iyán kúnná, ó nu òógùn. "Iyán ti kàn án báyìí. Ó yá, jókòó, kí n rí ọ."

Bẹ́ẹ̀ ló ṣe le tó. Kì í ta odó fún ẹni tí kò bá mọ bí apá rẹ̀ ti lágbára tó. Ọmọ odó ni yóò kọ́kọ́ fi lé ọ lọ́wọ́, kí o gún afẹ́fẹ́. Màmá Lábísí, ọ̀gá ilé ìwé kan, wa mọ́tò láti Agosasa, ó gún afẹ́fẹ́ títí.

"Ẹ mú kékeré, Màmá."

"Ńlá ni mo fẹ́. Ṣé ẹ ò rí mọ́tò mi ni?"

"Mo rí i. Ṣé òun ló máa gún un?"

Rodiat ní tirẹ̀ gún afẹ́fẹ́ dáadáa, ó gba odó ńlá. Àmọ́ bí Bàbá ti fẹ́ kọ ilà mẹ́ta sí ìdí odó náà, bí ó ti máa ń ṣe fún èyí tó bá tẹ́ ẹ lọ́rùn, ó dáwọ́ dúró. "Ojú ẹ ò dúró sójú kan. Máa gbé e lọ láìkọlà ná." Fọ́tò àga náà tí Mẹ̀dínátù fi ránṣẹ́ sílé ló tú àṣírí.

Nínú gbọ̀ngàn, Rodiat ti ń sunkún. Mẹ̀dínátù gbá a lẹ́yìn. "Fi ẹkún sílẹ̀! Àjèrè rẹ ńkọ́?" Àjèrè, ìkòkò oníhò wẹ́wẹ́ yẹn, ni Rodiat fẹ́ so kọ́ ẹ̀gbẹ́ àga bí iná. Ó kó iyán kúrò, ó fọ odó kíákíá, ó nù ún gbẹ, ó ki gílóòbù sínú rẹ̀, ó da àjèrè dé e lẹ́nu, ó fa kọ́tìnì. Ìmọ́lẹ̀ tú jáde láti inú àwọn ihò, ó wọ́n sára ògiri, sára àjà, dórí fìlà Bàbá. "Háà!" ni gbogbo wọn ké.

Bàbá yí i po lẹ́ẹ̀mẹta. "Iná kò ní ìdí tí yóò fi jókòó. Ẹ jẹ́ kó wà bẹ́ẹ̀."

Ọ̀gá Gbọ́lá, olórí àwọn olùyẹ̀wò, wọlé, ẹnu rẹ̀ ò padé mọ́. "Ta ló ronú kan èyí?"

"Àwa méjèèjì ni," Bàbá dáhùn. "Èmi ni mo ba ti àkọ́kọ́ jẹ́."

Rodiat yege. Nígbà tí wọ́n ń ya fọ́tò, Bàbá yá ọ̀bẹ lọ́wọ́ Mẹ̀dínátù, ó ní òun fẹ́ bó ọsàn.

Ìgbà ọyẹ́ tó kọjá ni Bàbá kú. Rodiat gbé iná náà wá síbi ìsìnkú. Bó ti gbé odó kalẹ̀ tó ń wá ibi tí yóò gbé àjèrè kà, àlejò kan tó ti rẹ̀ fẹ́ fìdí lé e.

"Ẹ má jókòó! Odó ni!"

Rodiat fúnra rẹ̀ ló pariwo. Ẹ̀rín bú, ohùn Bàbá gan-an ni wọ́n gbọ́. Ó yára dá odó náà nídùbúlẹ̀, kó lè yí i kúrò níbẹ̀, ìgbà náà ló rí ìdí rẹ̀: ilà mẹ́ta, ó gún régé.

Ó pe Mẹ̀dínátù wá wò ó. Mẹ̀dínátù fi ìka tọ àwọn ilà náà.

"Ọsàn," ni Mẹ̀dínátù sọ nígbẹ̀yìn. "Kò kúkú sí ọsàn kankan níbẹ̀ lọ́jọ́ yẹn."