Mo Bi Ẹni Tó Ń Lé Mi Lójú Oorun Pé Ilé Ta Ló Ti Wá

Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi, ẹ wá àyè jókòó, mo fẹ́ ròyìn ohun tójú mi rí láàárín oṣù mẹ́ta. Mo ti ń fi pamọ́ tẹ́lẹ̀ torí ojú ń tì mí. Ọkùnrin tó ti lé lọ́gbọ̀n ọdún, tó níyàwó, tó lọ́mọ, ló wá ń sá fún oorun! Ṣùgbọ́n ìjà ti parí báyìí, èmi ni mo sì borí. Ẹ jẹ́ kí n yangàn díẹ̀.

Fún ẹ̀yin tí ẹ ò mọ̀ mí, Múfú lorúkọ mi, ọmọ Bẹ́yẹrunkà nílùú Ìbàdàn. Iṣẹ́ ọnà ara agbádá ni mò ń ṣe, ìyẹn òwú tí ẹ máa ń rí tó ń dán lọ́rùn àti lápò àyà agbádá. Sọ́ọ̀bù ọ̀gá mi wà ní Òjé. Ọ̀gá ló ni maṣíìnì, èmi ni mò ń jókòó tì í láti àárọ̀ dalẹ́.

Lẹ́yìn ààwẹ̀ ni mo bẹ̀rẹ̀ sí í lá àlá kan. Màá bá ara mi lórí òkè Mápó, níbi àtẹ̀gùn gbọ̀ngàn. Bí mo bá wo ìsàlẹ̀, màá rí òrùlé Bẹẹrẹ àti Ọjà'ba títí dé ọ̀nà ilé wa, gbogbo páànù á máa dán yinrin bíi ti ilé tuntun. Ẹ gbọ́ ná, níbo ni wọ́n ti rí páànù funfun láàárín ìgboro Ìbàdàn? Páànù tiwa ti dípẹtà kí wọ́n tó bí mi! Torí náà, bí mo bá ti rí i pé òrùlé ń dán, mo ti mọ̀. Múfú, o ti sùn nìyẹn.

Bẹ́ẹ̀ ni o, mo máa ń mọ̀ pé mò ń sùn! Ẹ lè rò pé ìyẹn á dín ẹ̀rù kù. Rárá, ó tún ń dá kún un ni.

Torí kété tí mo bá ti mọ̀ báyìí, ẹnì kan á yọ sí mi. Ó ga, ó wọ aṣọ funfun gbàgẹ̀rẹ̀, kò lójú, kò nímú, kò lẹ́nu. Ibi tó yẹ kí ojú wà kàn tẹ́jú bí ìdí àwo. Kì í sáré. Ó kàn máa ń rìn ni, èmi ni màá máa sáré, síbẹ̀ ìrìn rẹ̀ á máa bá eré mi. Màá sọ̀ kalẹ̀ láti Mápó, màá gba ẹ̀yìnkùlé ẹni ẹlẹ́ni, màá já sí ìloro ẹlòmíì, ẹ ṣáà mọ bí àwọn agbo ilé wa ṣe so kọ́ra. Bí mo bá fẹ́ kígbe, ohùn ò ní jáde. Bí mo bá fẹ́ jí, ojú ò ní là. Ìgbà tí ọwọ́ rẹ̀ bá kan èjìká mi ni màá tó ta gìrì jí, gbogbo ara á ti rin gbindin fún òógùn.

Sìdí ìyàwó mi ló kọ́kọ́ jìyà ẹ̀. Mo ta á nípàá lẹ́ẹ̀mẹta láàárín ọ̀sẹ̀ kan! Ó ní òun ò fẹ́ mi kóun wá máa gbá bọ́ọ̀lù lórí ẹní. Ó gbé ọmọ, ó kó lọ sí yàrá Ìyá Àgbà, ìyá tó bí bàbá mi, tí yàrá wọn wà níwájú ilé. Àwọn méjèèjì bi mí ohun tó ń ṣe mí. Mo ní ibà ni.

Kí ni mi ò ṣe tán? Mo ka gbogbo àdúà tí mo mọ̀ kí n tó sùn. Ọkàn mi á balẹ̀, oorun á gbé mi lọ, páànù á tún bẹ̀rẹ̀ sí í dán. Mo sọ fáwọn kan níbi iṣẹ́ pé mi ò rí oorun sùn dáadáa, ọ̀kan ní kí n má jẹun alẹ́ mọ́, ebi wá di wàhálà kejì. Òmíràn fọwọ́ bo ẹnu, ó ní àwọn ará ilé bàbá mi ló wà nídìí ẹ̀. Ará ilé bàbá mi wo? Ṣé Ìyá Àgbà tó máa ń fi ẹran tó rọ̀ pa mọ́ dè mí ni?

Mo wá sọ pé kí n kúkú má sùn mọ́. Mo mu kọfí, mo jẹ obì, mo wo fíìmù lórí fóònù títí ojú mi fi pọ́n bí ẹyin iná. Ibẹ̀ gan-an ni mo ti ṣìnà. Ta ló bá oorun jà tó yege? Bí kò rí mi mú nílé, ó ń bá mi nídìí maṣíìnì.

Lọ́jọ́ kan, bàbá kan láti Pópó Yemọja wá gba agbádá tó fẹ́ wọ̀ lọ síbi nìkáì ọmọ rẹ̀. Ó gbé e wọ̀, ó wo àyà, kò rí ọnà kankan. Ó bá yí padà níwájú dígí. Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ̀yìn bàbá ni gbogbo iṣẹ́ wà! Àpò àyà, àti gbogbo ọ̀ṣọ́ ẹ̀! Mo ti tòògbé da aṣọ kodò kí n tó tẹ maṣíìnì.

Àwọn tó wà ní sọ́ọ̀bù rẹ́rìn-ín títí omi fi ń dà lójú wọn. Bàbá ò rẹ́rìn-ín ní tiẹ̀. Ó bi mí bóyá ẹ̀yìn ni mo fẹ́ kóun máa fi kí àwọn àna òun.

Ọ̀gá mi bẹ bàbá náà, ó sì fi aṣọ mìíràn rọ́pò. Nígbà tí bàbá lọ tán, ó jókòó tì mí. Ọ̀gá mi kì í pariwo, ìyẹn ló tún jẹ́ kọ́rọ̀ náà dùn mí jù.

"Múfú, ìwọ lo mọ ohun tó ń ṣe ẹ́. Bí irú èyí bá tún ṣẹlẹ̀ lẹ́ẹ̀kan sí i, wàá gbé kọ́kọ́rọ́ sọ́ọ̀bù fún mi, wàá máa lọ."

Mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja. Iṣẹ́ kan ṣoṣo tọ́wọ́ mi mọ̀ láyé! Ó wá gbé aṣọ gíní funfun kan lé mi lọ́wọ́. Agbádá tòun fúnra rẹ̀ ni, ó ní òun máa wọ̀ ọ́ ní ọ̀sẹ̀ méjì sí i. Ó ní aṣọ yẹn ni òun máa fi mọ̀ bóyá mo ṣì wúlò. Mo gbé e délé, mi ò lè tú u. Báwo ni mo ṣe fẹ́ fọwọ́ kan aṣọ ọ̀gá pẹ̀lú ojú tí kò sùn?

Ọjọ́ kejì ni mo jókòó sí ìloro lọ́dọ̀ Ìyá Àgbà, tí mò ń ronú. Ẹ jẹ́ kí n sọ̀rọ̀ Ìyá Àgbà díẹ̀. Inú agbo ilé wa làwọn èèyàn máa ń gbà já sọ́nà Ọjà'ba, ìloro yẹn sì ni àga ìyá wà. Ojú wọn ò fi bẹ́ẹ̀ ríran mọ́, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tí wọn ò mọ ìró ẹsẹ̀ rẹ̀ tó lè kọjá níbẹ̀ láìdáhùn ìbéèrè méjì: ilé ta lo ti wá, ta ló bí ẹ? Láti kékeré ni ìbéèrè yẹn ti ń sú mi. Ṣé ìyá ń kọ orúkọ èèyàn sí fáìlì ni?

Lọ́jọ́ yẹn, ọkùnrin kan tó ń fi ọ̀kadà jíṣẹ́ wọlé lójijì. Ó ga, ó dé akoto dúdú tó bo gbogbo ojú. Mo fò dìde, mo ti fẹ́ sá! Lọ́sàn-án gangan! Ìyá Àgbà ò tiẹ̀ mira.

"Ìwọ, dúró ńbẹ̀. Ilé ta lo ti wá? Ta ló bí ẹ?"

Ó ṣí akoto, ló bá dọ̀bálẹ̀. Ó ní òun ò ṣe àfojúdi, ọmọ Òkè Padre lòun, ó dárúkọ bàbá rẹ̀, ó dárúkọ ìyá rẹ̀, àṣé ó kàn ṣìnà ni. Ọmọ èèyàn bíi tèmi, pẹ̀lú ìrorẹ́ lójú! Ìyá ní kó mu omi, wọ́n júwe ọ̀nà fún un.

"Ẹni tó bá nílé á dáhùn," ni wọ́n sọ nígbà tó lọ. "Ẹni tí kò bá ní, á yà fún onílé."

Mo tún padà jókòó. Ṣé ẹ rí ohun tí mo rí? Oṣù mélòó ni mo ti ń sáré, tí mi ò bi ẹni náà ní nǹkan kan?

Láti ọjọ́ yẹn ni mo ti bẹ̀rẹ̀ sí í fi ẹnu kọ́ ọ. Oníbàárà wọlé, "Ilé ta lẹ ti wá?" Ẹni tó ń ta òwú kọjá, "Ta ló bí yín?" Wọ́n sọ mí ní Ilé-Ta ní gbogbo àdúgbò! Ọ̀gá mi ń wò mí bí ẹni tí ọpọlọ rẹ̀ fẹ́ yí. Mo mọ ohun tí mò ń ṣe. Mo fẹ́ kó mọ́ mi lẹ́nu tó bẹ́ẹ̀ tí màá fi rántí ẹ̀ lójú oorun.

Ìgbà àkọ́kọ́ tí mo gbìyànjú ẹ̀, ó já kulẹ̀. Mo yíjú padà lóòótọ́, mo la ẹnu, kò sí ohùn. Ó fọwọ́ kàn mí, mo jí. Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ sunkún.

Ṣùgbọ́n nígbà tí mo tún un rò, mo rí àṣìṣe mi. Ìdúró ẹni tó fẹ́ sá ni mo fi ń bi í. Ìyá Àgbà kì í dúró! Wọ́n máa ń jókòó ni. Ta ní ń sáré nílé bàbá rẹ̀?

Lọ́jọ́ Jímọ̀ tó tẹ̀ lé e, ọ̀sẹ̀ kan péré ló kù fún aṣọ ọ̀gá. Mo kírun ọ̀sán tán, mo tẹ́ ẹní sí ìloro lẹ́gbẹ̀ẹ́ àga ìyá, mo sùn. Kò pẹ́ náà ni páànù bẹ̀rẹ̀ sí í dán. Mo ní, ó yá.

Ó yọ láti ẹ̀yìn òpó gbọ̀ngàn Mápó. Ẹsẹ̀ mi fẹ́ sáré o, mi ò ní purọ́ fún yín. Mo jókòó sórí àtẹ̀gùn. Mo ya ẹsẹ̀, mo gbé ọwọ́ lé orúnkún, bí Ìyá Àgbà ṣe máa ń ṣe. Ó ń bọ̀, ó ń bọ̀, mi ò dìde. Ohùn mi bá jáde, ó ròkè dé Ọjà'ba!

"Ìwọ! Dúró ńbẹ̀! Ilé ta lo ti wá? Ta ló bí ẹ?"

Ó dúró! Ẹni tí kì í dúró, ó dúró gbagidi! Mo tún un bi. Ó sorí kọ́ bí ọmọ iléèwé tí kò ṣe iṣẹ́ àṣetiléwá.

"Mi ò mọ̀," ló fi ohùn tín-ín-rín sọ. Ẹ má bi mí bí ẹni tí ò lẹ́nu ṣe sọ̀rọ̀, àlá ni.

"O ò mọ ilé tó o ti wá, o wá ń lé ọmọ onílé káàkiri?"

Ẹ̀rín bá gbé mi! Bí mo ṣe ń rẹ́rìn-ín ló ń kéré, ó ń kéré, títí tó fi ku aṣọ funfun nìkan nílẹ̀. Mo gbé e. Gíní gidi ni! Mo nà án wò, mo sì mọ iwájú rẹ̀ yàtọ̀ sí ẹ̀yìn. Mo gbé e lé èjìká, mo rìn kiri láàárín àwọn òrùlé tó ń dán yẹn bí olówó ìlú. Mo tiẹ̀ rí dòdò lórí àtẹ. Ẹ jọ̀ọ́, mi ò jẹ ẹ́. Ìgboyà náà ní ààlà!

Ẹ̀rín ni mo rín jí. Sìdí àti Ìyá Àgbà ń wò mí. Mo ní kò sí nǹkan, mo fẹ́ kó dá mi lójú kí n tó yangàn. Lóru ọjọ́ yẹn, mo sùn bí òkúta. Ó tún wá lẹ́ẹ̀kan láàárín ọ̀sẹ̀, mo ṣáà ń jókòó báyìí ni, ó ti yà.

Mo ṣe aṣọ ọ̀gá fún ọjọ́ márùn-ún. Nígbà tó gbé e wọ̀, ó yí lẹ́ẹ̀mẹta níwájú dígí, ó ń wá iṣẹ́ mi lẹ́yìn, kò rí i. Ó wo àyà, ó fọwọ́ pa á, ó rẹ́rìn-ín. Ó ní kọ́kọ́rọ́ yẹn, kí n máa mú un lọ́wọ́, kí n má tiẹ̀ gbé e sílẹ̀ mọ́. Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ fò kan àjà!

Ìgbà náà ni mo tó lọ jókòó lẹ́sẹ̀ Ìyá Àgbà, tí mo ro gbogbo ẹ̀ fún wọn láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin. Wọ́n gbọ́ ọ tán.

"Ṣé ó dá ẹ lóhùn?"

"Ó ní òun ò mọ̀, Ìyá."

"Wọn kì í mọ̀."

Mo gbójú sókè. Báwo ni wọ́n ṣe mọ̀? Wọ́n rẹ́rìn-ín músẹ́. Wọ́n ní nígbà táwọn ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ agbo ilé yìí bí ìyàwó, tí àárò ilé wọn ń sọ wọ́n, nǹkan kan máa ń lé àwọn náà láti Mápó wálẹ̀.

"Múfú, o rò pé ìloro yìí ni mo ti kọ́ ìbéèrè yẹn? Ojú oorun ni mo ti kọ́ ọ."

Omi bọ́ lójú mi. Oṣù mẹ́ta gbáko ni mo fi ń purọ́ ibà fún ẹni tó ti ṣẹ́gun ẹ̀ kí wọ́n tó bí bàbá mi! Ìṣísẹ̀ mẹ́wàá péré ló wà láàárín ẹní mi àti àga wọn.

Ẹ̀kọ́ tèmi nìyẹn, ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi. Ẹ má fi ohun tó ń lé yín pa mọ́ fún àwọn tó ṣáájú yín. Bó bá sì yọ, ẹ jókòó, ẹ bi í. Sìdí ti gbé ọmọ padà sórí ẹní wa, ó ní bọ́ọ̀lù ti parí.

Ẹ̀yin ńkọ́? Kí ló ń lé ẹ̀yin lójú oorun, báwo lẹ sì ṣe dá a dúró? Ẹ kọ ọ́ sísàlẹ̀ fún mi, gbogbo ẹ̀ ni màá kà. Ṣùgbọ́n kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀, ẹ kọ́kọ́ dá mi lóhùn: ilé ta lẹ ti wá?