Ọjọ́ Tí Ṣìfáwù Tò Sórí Ìlà Ìbò ní Ìdí-Ìyeyè

Ẹ̀yin ọmọ tí ẹ ń wọ inú àgọ́ kékeré lọ tẹ̀ka lónìí, tí ẹnikẹ́ni kò rí ibi tí ẹ tẹ̀ ẹ́ sí, ẹ kò mọ bí ó ti rí láyé tiwa. Ní àwọn ọdún àkọ́kọ́ lẹ́yìn 1990, nígbà tí àwọn sójà ṣì ń ṣèjọba, tí wọ́n sì ń sọ pé àwọn ń múra láti gbé e fún alágbádá, gbangba ni a ti ń dìbò. Wọ́n á gbé àwòrán olùdíje kan síhìn-ín, wọ́n á gbé ti èkejì sọ́hùn-ún. Ẹni tí o bá fẹ́, ẹ̀yìn àwòrán rẹ̀ ni wàá lọ tò sí. Òṣìṣẹ́ ìbò á wá máa ka orí yín bí ẹni ń ka iṣu. Kò sí ìkọ̀kọ̀ kankan. Ọkọ rẹ ń wò ọ́, àna rẹ ń wò ọ́, ẹni tí ó fún ọ nílẹ̀ tí o fi ń dáko náà ń wò ọ́. Kí ènìyàn tó lè dìbò nígbà náà, ó ní láti láyà.

Olùkọ́ ni mí nígbà náà ní ilé ẹ̀kọ́ girama kan ní Ìwó, èmi sì ni olórí àwọn obìnrin ẹgbẹ́ òṣèlú wa ní wọ́ọ̀dù tí ó lọ títí dé àwọn abúlé ẹ̀yìn odi. Tíṣà ni tọmọdé tàgbà ń pè mí. Mo ti yanṣẹ́ lódì rí, mo ti fa tíágáàsì símú, mo sì ti sùn ní àgọ́ ọlọ́pàá nítorí ẹ̀tọ́ àwa olùkọ́. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá bi mí pé èwo ni mo rí tí ara mi bù máṣọ, tí mo mọ̀ pé ohun kan ń bẹ nínú ọmọ ènìyàn tí ó ju ọgbọ́n orí lọ, Ìdí-Ìyeyè ni màá mú yín lọ.

Abúlé àgbẹ̀ ni, níbi tí ilẹ̀ wa ti fẹnu ko ilẹ̀ Ọ̀yọ́. Wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ yọ Ọ̀ṣun kúrò lára Ọ̀yọ́ ni, odò kékeré kan sì di ààlà. Láti ìgbà náà ni abúlé yìí ti di ọmọ tí kò ní baba. Bí wọ́n bá lọ béèrè dísípẹ́ńsárì ní Òṣogbo, wọ́n á ní ìwé wọn ṣì wà ní Ìbàdàn. Bí wọ́n bá dé Ìbàdàn, wọ́n á ní ará Òṣogbo ni wọ́n. Kò sí nọ́ọ̀sì, kò sí ẹni tí ó wá ṣàlàyé ohunkóhun fún wọn. Ohun tí wọ́n mọ̀ nípa àrùn éèdì, rédíò ló sọ ọ́, rédíò náà kò sì sọ ju pé kò gbóògùn, ó sì ń pani. Ìyókù, ẹnu ọjà ló fi kún un. Wọ́n ní ẹ̀fọn ń gbé e láti ara ẹnì kan dé ara ẹlòmíràn. Wọ́n ní ó máa ń wà lórí àga tí aláìsàn bá jókòó sí. Ẹnì kan tilẹ̀ búra fún mi pé èéfín iná tí aláìsàn bá dá lè kó ran aládùúgbò.

Ràímì ni ẹni àkọ́kọ́ tí ó gbé orúkọ àìsàn náà wọ abúlé wọn. Awakọ̀ àjàgbé ni, ọ̀nà ẹnubodè Kútọnù ló ń ná. Ó padà wálé lọ́dún kan, ó ti rù kan egungun. Dókítà kan ní Ìbàdàn sọ orúkọ ohun tí ń ṣe é sí ìyá rẹ̀ àti ìyàwó rẹ̀ létí, ó sì ní kí wọ́n máa gbé e lọ ilé. Nílé náà ló kú sí. Bí ọ̀rọ̀ náà ṣe jáde, n kò mọ̀, ṣùgbọ́n kí wọ́n tó ṣe àdúà ogójì, gbogbo abúlé ti gbọ́.

Ṣìfáwù ni orúkọ ìyàwó tí ó fi sílẹ̀. Alákàrà ni. Kí ọkọ rẹ̀ tó kú, àkàrà rẹ̀ ni wọ́n fi ń mu ẹ̀kọ láràárọ̀ ní Ìdí-Ìyeyè. Lẹ́yìn ikú náà, kò sẹ́ni tí ó yà lọ́dọ̀ rẹ̀ mọ́. Wọ́n ní kí ó máa pọn omi tirẹ̀ nísàlẹ̀ odò. Bí ó bá jókòó lórí bẹ́ńṣì, àwọn tí wọ́n bá a níbẹ̀ á rántí pé àwọn ní nǹkan í ṣe nílé. Ohun tí ó wá mú kí gbogbo rẹ̀ dá wọn lójú ni pé ìyá ọkọ rẹ̀ pàápàá, Ìyá Ràímì, kò bá a sọ̀rọ̀ mọ́. Arúgbó yìí, ẹni ọ̀wọ̀ ni ní abúlé. Bí ó bá ti rí Ṣìfáwù lókèèrè, á yí ojú sí ẹ̀gbẹ́ kan. Wọ́n ní, ẹ kò rí i, ìyá ọkọ ti mọ ẹni tí ó pa ọmọ òun.

Ìgbà yẹn ni ìbò kánsẹ́lọ̀ dé. Olùdíje tiwa ni Gàníyù, télọ̀ kan tí ó ti ṣèlérí pé òun yóò jà kí abúlé náà lè ní dísípẹ́ńsárì. Mùráínà ló ń bá a du ipò náà. Ọmọ Ìdí-Ìyeyè gan-an ni Mùráínà. Ìyá rẹ̀ kú nígbà tí ó wà lọ́mọ ọwọ́, Ìyá Ràímì tí í ṣe ẹ̀gbọ́n ìyá rẹ̀ ló sì tọ́ ọ. Ọyàn kan náà ni òun àti Ràímì jọ mu.

Nígbà tí ìbò kù sí dẹ̀dẹ̀, Gàníyù wá bá mi nílé.

“Tíṣà,” ó ní, “ẹ bá mi bẹ Ṣìfáwù kí ó jókòó sílé. Mi ò kórìíra rẹ̀. Ṣùgbọ́n bí ó bá tò sẹ́yìn àwòrán mi, ta ni yóò tò tẹ̀lé e?”

N kò lè sọ pé irọ́ ló pa. Mo gun ọ̀kadà lọ sí Ìdí-Ìyeyè, mo sì bá Ṣìfáwù níwájú ilé, ó ń ṣa ẹ̀wà. Ó kúnlẹ̀ kí mi, ó gbé àpótí fún mi, ó sì ń wo ojú mi bóyá n óò jókòó. Mo jókòó. N kò sọ ohun tí Gàníyù rán mi. Ọgbọ́n tèmi ni mo dá.

“Jẹ́ kí n mú ọ lọ sí Ìbàdàn kí wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ wò,” mo ní. “Bí wọ́n bá ní kò sí lára rẹ, èmi fúnra mi ni yóò kéde rẹ̀ fún gbogbo abúlé.”

Ó ṣa òkúta kan kúrò nínú ẹ̀wà, ó jù ú nù. “Bí wọ́n bá ní ó wà ńkọ́, mà?”

Mo bu ẹ̀wà díẹ̀, mo ń bá a ṣà á.

“Ẹ má bínú, mà,” ó ní. “Mi ò fẹ́ kí wọ́n jẹ́ kí n dúró láàárín wọn nítorí pé ẹ̀jẹ̀ mi mọ́. Èèyàn ni mí kí ẹnikẹ́ni tó yẹ ẹ̀jẹ̀ wò.”

“Ẹ̀rù kò bà ọ́ ni?”

“Ó ń bà mí. Ṣùgbọ́n dísípẹ́ńsárì tí télọ̀ yẹn ń sọ, ká ní ó ti wà ni…” Kò parí rẹ̀. Ó padà sídìí ẹ̀wà rẹ̀, mo sì mọ̀ pé yóò wá.

Lọ́jọ́ ìbò, pápá ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ni a tò sí. Ìlà tiwa gùn, ó tilẹ̀ gùn ju ti Mùráínà lọ, inú Gàníyù sì ti ń dùn. Wọ́n gbé àga fún Ìyá Ràímì níwájú ìlà Mùráínà, nítorí ọjọ́ orí rẹ̀ àti nítorí pé ìyá olùdíje ni. Ìgbà náà ni Ṣìfáwù dé. Ó wẹ̀, ó wọ aṣọ mímọ́, ó kí àwọn àgbà, ó sì tò sórí ìlà wa.

Ẹ ti rí ìjàlọ tí wọ́n da omi gbígbóná lé lórí? Bẹ́ẹ̀ ni ìlà náà tú. Àwọn tí wọ́n wà níwájú sá síwájú, àwọn tí wọ́n wà lẹ́yìn fà sẹ́yìn, títí ó fi ku òun nìkan lẹ́yìn àwòrán télọ̀. Àwọn ará apá kejì ń rẹ́rìn-ín sínú. Òṣìṣẹ́ ìbò tí wọ́n rán láti Ìwó wo ìwé ọwọ́ rẹ̀, ó ní òun fẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í kà, ẹni tí kò bá sí lórí ìlà, òun kò ní kà á.

“Ṣìfáwù, ṣàánú wa,” ẹnì kan nínú àwọn èèyàn wa ń bẹ̀ ẹ́. “Máa lọ ilé.”

Àwòrán iwájú rẹ̀ ló ń wò. Mo gbé ẹsẹ̀ láti lọ dúró tì í, kí n tó dé ibẹ̀, gbogbo ojú ti yí sí ìlà Mùráínà.

Ìyá Ràímì ti dìde lórí àga. Ó gbé ọ̀pá rẹ̀, ó sì ń bọ̀ ní àárín ìlà méjèèjì, jẹ́jẹ́, láìwo ẹnikẹ́ni. Èrò mi ni pé ó ń bọ̀ wá ṣépè. Ó rìn títí ó fi dé ẹ̀yìn ìyàwó ọmọ rẹ̀, ó fi ọ̀pá kọ́ apá, ó sì gbé àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ méjèèjì lé e léjìká.

Mùráínà sáré tẹ̀lé e. Ó dọ̀bálẹ̀. “Ìyá, ẹ ti ṣìnà. Ìlà tiwa nìyẹn.”

“N kò ṣìnà.”

“Ìyá, èmi ni. Ṣé ẹ ó wá ta kò mí lójú gbogbo ayé?”

“Mo mọ̀ ọ́, Mùráínà. Èmi ni mo tọ́ ọ.” Ohùn rẹ̀ kò lọ sókè rárá. “Nígbà tí ẹ̀gbọ́n rẹ ń bì, tí kò lè dìde, ìwọ kò wọlé. Ẹnikẹ́ni nínú yín kò wọlé. Èmi àti ọmọ yìí la jọ ń gbé e. A jọ nù ún, a jọ wẹ̀ ẹ́, a jọ jẹ oúnjẹ tí ó bá ṣẹ́kù sínú abọ́ rẹ̀. Bí fífara kanra bá ń pani, ẹ̀ bá ti sin mí tipẹ́. Ẹ rí i pé n kò wojú rẹ̀, ẹ ní mo kọ̀ ọ́. N kò kọ̀ ọ́. Bí mo bá ti rí i, Ràímì ni mò ń rí. Ìdí rẹ̀ nìyẹn.” Ó wá kọjú sí òṣìṣẹ́ ìbò. “Akọ̀wé, ẹ kà mí síbí.”

Ṣìfáwù kò bojú wẹ̀yìn. Omijé ń dà lójú rẹ̀, kò nù ún, bóyá nítorí kí ọwọ́ ìyá yẹn má baà yẹ̀ lára rẹ̀.

Obìnrin kan tí ilé rẹ̀ dojú kọ tiwọn ló kọ́kọ́ jáde, ó tò sẹ́yìn Ìyá Ràímì. Èmi náà dúró sí ẹ̀gbẹ́ wọn, bó tilẹ̀ jẹ́ pé Ìwó ni mo ti ń dìbò tèmi. Lẹ́yìn náà ni wọ́n ń bọ̀, lọ́kọ̀ọ̀kan, bí ìgbà tí òjò bá ń bẹ̀rẹ̀. Gbogbo wọn kọ́ ló wá o. Àwọn kan lọ ilé, àwọn kan dúró sábẹ́ igi títí wọ́n fi kà á tán. Ṣùgbọ́n àwọn tí ó wá tó. A borí ní Ìdí-Ìyeyè.

Nígbà tí a dé ibi tí wọ́n ti ń pa èsì pọ̀ ní Ìwó, wọ́n ní kò sí ìbò ní Ìdí-Ìyeyè. Wọ́n ní aláìsàn kan dá rògbòdìyàn sílẹ̀, ìlà sì tú. Wọ́n fagi lé e. Bí wọ́n ti yọ abúlé yẹn kúrò, Mùráínà ló wọlé.

Lọ́jọ́ kejì, a kó obìnrin jọ láti abúlé àti láti ìgboro, a wọ́de lọ bá àwọn elétò ìbò ní ọ́fíìsì wọn. Àwọn ọlọ́pàá ti tò sẹ́nu géètì tàwọn ti kóńdó. Ṣìfáwù wà níwájú. Ẹnì kan sọ̀rọ̀ sí olórí wọn létí, kíá ni wọ́n yà sọ́tùn-ún, wọ́n yà sósì. Ṣìfáwù wẹ̀yìn wò mí.

“Tíṣà,” ó ní, “àìsàn tí wọ́n kó lé mi lórí ti ń ṣílẹ̀kùn.”

Ọ̀rọ̀ burúkú tòun tẹ̀rín. A rẹ́rìn-ín, a sì wọlé. A jókòó sílẹ̀ nínú ọgbà wọn títí wọ́n fi yin tíágáàsì lù wá. Èsì náà kò yí padà.

Ẹ̀yin ọmọ mi, a pàdánù. Mùráínà kò tilẹ̀ pẹ́ nípò náà kí àwọn sójà tó tú gbogbo rẹ̀ ká. Dísípẹ́ńsárì kò dé fún ọdún gbọọrọ, nígbà tí ó sì dé, òdìkejì odò ni wọ́n kọ́ ọ sí, ní ilẹ̀ Ọ̀yọ́. Àwọn kan ní Ìdí-Ìyeyè kò jẹ àkàrà Ṣìfáwù mọ́ títí di òní. Gbèsè ṣì wà lọ́rùn wa, nítorí mo ṣì ń rí ìdílé tí ń ya abọ́ aláìsàn sọ́tọ̀, tí wọ́n sì ń pè é ní ìmọ́tótó. Ẹ̀yin ni ẹ ó san án, èmi ti dàgbà.

Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí a jèrè. Ní ọdún díẹ̀ lẹ́yìn náà, Ìyá Ràímì kú. Mo wà níbẹ̀ nígbà tí àwọn obìnrin pé láti wẹ òkú rẹ̀ bí ẹ̀sìn ti wí. Ìyàwó ààfáà ló ń ṣètò rẹ̀. Ó wo gbogbo wa yí ká, àwọn àgbà obìnrin abúlé yẹn tí wọ́n ti tú ìlà nígbà kan rí, ó sì ní, “Ṣìfáwù, ìwọ ni kí o wá síbi orí.” Wọ́n sún, wọ́n fún un láyè. Ṣìfáwù kúnlẹ̀, ó na ọwọ́, wọ́n sì gbé omi fún un.