Páànù Tí Bàbá Fi Ń Parí Ọ̀rọ̀

Ní ọjọ́ kejìlá oṣù kẹta ọdún 2019, ilé ìwòsàn kan ń wá ẹni tí yóò kọ pátákó rẹ̀. Ọjọ́ náà wà nínú ìwé iṣẹ́ ilé ìwòsàn náà. Akọ̀wé àgbà ibẹ̀ kò fẹ́ gbé iṣẹ́ náà fún bàbá kan tó ń kọ pátákó àmọ́ tí kò kàwé. Ó kọ “treat”, ìyẹn “tọ́jú” lédè Gẹ̀ẹ́sì, sílẹ̀, ó ní kí bàbá sọ ọ́ di ọ̀rọ̀-orúkọ, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ iṣẹ́ bọ́.

Bàbá fa páànù tó ti gbẹ́ “ment” sí yọ, irú èyí tó fi ń kun lẹ́tà sára pátákó, ó tò ó tì í: “treatment”, ìtọ́jú. Akọ̀wé kọ “ill”, ṣàìsàn. Bàbá mú páànù mìíràn, “ness”, ó di “illness”, àìsàn.

“Ọmọ mi, ogójì ọdún ni mo fi ń wo ìdí ọ̀rọ̀ lára pátákó tí mò ń kọ. Ẹnu mi ni ò kàwé, ojú mi kà á.”

Páànù mọ́kànlá ló tẹ́ sílẹ̀, ìparí ọ̀rọ̀ kan lára ọ̀kọ̀ọ̀kan. Akọ̀wé fọwọ́ kàn wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan, ó fọwọ́ síwèé iṣẹ́ fún un.

“Bàbá, ọdún mẹ́rìndínlógún ni mo fi jókòó sílé ìwé, ẹnìkan ò fi èyí hàn mí rí.”