Yàrá Méjì Tó Kọjú Sí Títì

Ọpẹ́ ni mo kọ́kọ́ fẹ́ dá. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run Ọba tó dá ẹ̀mí mi sí títí irun orí mi fi funfun, tó jẹ́ kí n rí ilé kéwú lọ ní kékeré, tó sì fún mi ní ọkọ tí kò bú mi rí. Ohun tí mo fẹ́ sọ yìí kì í ṣe ìráhùn. Ọpẹ́ náà ṣì ni.

Káfíńtà ni ọkọ mi, ilé tí a ń gbé ní Ìwó níbí sì ni gbogbo ohun tó ní. A kò bímọ. Àbúrò mi obìnrin ló bí ọmọbìnrin kan, ó sì kú lórí ìkúnlẹ̀. Èmi àti ọkọ mi la gbé ọmọ náà, wàrà inú agolo la fi tọ́ ọ. Ọkọ mi ló ń pè ní Bàbá, èmi ló ń pè ní Màámi. Ó ti di aránṣọ báyìí, àwọn ọmọ yunifásítì ló pọ̀ jù nínú oníbàárà rẹ̀.

Àwọn kan nílùú wa gbà pé ẹni tó bá ṣe ìhágún ń pe ikú ni. Ọkọ mi kò gba ìyẹn gbọ́. Nígbà tí àìsàn dé, ó pe ọkùnrin méjì láti mọ́sálásí kí wọ́n wá ṣe ẹlẹ́rìí, ó sì kọ ọ́ sínú ìwé pé òun fi gbogbo ilé náà sílẹ̀ fún ìyàwó òun.

Ó ní, "Ọkàn mi balẹ̀ wàyí. Tí ilé bá ti jẹ́ tìrẹ, ti ọmọ náà ni."

Mo ṣe àmín.

Nígbà tó kú, lẹ́yìn àdúrà fídáù rẹ̀, ààfáà àdúgbò wá pín ogún. Ẹ̀gbọ́n ọkọ mi wá láti oko ní Olúpọ̀nnà. Òun nìkan ló kù nínú àwọn ọmọ ìyá àti bàbá rẹ̀. Èmi àti ọmọ mi jókòó sórí ẹní.

Ààfáà ka ìwé náà, ó tún un kà. "Ìyá, ta ló bá a kọ èyí?"

"Òun fúnra rẹ̀ ni, Ààfáà."

"Ó yẹ kó bi wá. Ẹni tó bá ti ní ìpín nínú ogún, a kì í ṣe wàsíyà, ìyẹn ìhágún, fún un, àfi tí ajogún yòókù bá yọ̀ǹda. Ìdámẹ́rin ilé yìí ni tiyín. Ìyókù, ti ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ni."

"Ọmọ yìí ńkọ́?"

"Kò ní ìpín. Òun gan-an ni wàsíyà tọ́ sí. Ká ní ó dárúkọ rẹ̀ ni, títí dé ìdámẹ́ta ilé yìí ì bá jẹ́ tirẹ̀, kò sì sẹ́ni tí yóò bá a du ú."

Ọkọ mi dárúkọ ẹni tí kò yẹ kó dárúkọ, ó sì fi ẹni tó yẹ sílẹ̀. Ìfẹ́ ló sún un ṣe é. Òwú pupa kan lẹ̀ mọ́ ìró ọmọ mi. Òwú náà ni mo ń wò ní gbogbo àsìkò tí wọ́n fi ń sọ̀rọ̀.

Ààfáà kọjú sí ẹ̀gbọ́n ọkọ mi. "Bàbá, ṣé ẹ yọ̀ǹda?"

"Ààfáà, ọmọ pọ̀ lọ́rùn mi. Òrùlé ilé mi ń jò débi pé àwọn adìyẹ mi ti ń lúwẹ̀ẹ́ bí pẹ́pẹ́yẹ. Ohun tí Ọlọ́run pín fún mi ni mo fẹ́. Ṣùgbọ́n ìyàwó wa kò ní jáde nínú ilé yìí. Ẹni tó bá lé e, èmi ló lé."

"Ẹ ṣé, Ẹ̀gbọ́n," mo wí. Mo wá ìbínú nínú ara mi, n kò rí i. Òótọ́ ló sọ.

Yàrá méjì tó kọjú sí títì ló bọ́ sọ́wọ́ mi: ọ̀kan ni mo ń sùn sí, èkejì ni ọmọ mi ti ń ránṣọ.

Nígbà tí mo ṣe tákàbà opó mi tán, tí mo lè jáde nílé, mo lọ kúnlẹ̀ níwájú ààfáà. "Tí èmi náà bá kú ńkọ́?"

"Àwọn ẹ̀gbọ́n yín ọkùnrin ní Ilé-Ogbó ni yóò jogún yín. Ẹ lè fi ìdámẹ́ta ṣe wàsíyà fún ọmọ náà."

"Ìdámẹ́ta yàrá méjì, Ààfáà? Ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀ á wọlé, òun á dúró síta."

Ó rẹ́rìn-ín. Lẹ́yìn náà ó ní, "Tí ẹ bá fẹ́ kó jẹ́ tirẹ̀ pátá, ẹ fi ta á lọ́rẹ nísinsìnyí tí ara yín le. Ṣùgbọ́n ẹ ní láti jáde níbẹ̀. Ẹni tó bá fi ilé ta ènìyàn lọ́rẹ, tó sì ń gbé inú rẹ̀ títí tó fi kú, kò tíì fún un."

Mo ránṣẹ́ sí ẹ̀gbọ́n ọkọ mi pé kó fún mi níbi tí màá máa gbé. Ó ní kí n máa lo yàrá ẹ̀yìn tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé ìdáná, nínú ìpín tirẹ̀, kí n má sì bi òun mọ́.

Ọmọ mi ló yarí. "Màámi, ṣé ẹ fẹ́ kí wọ́n ní mo lé yín síta ni? Wọ́n á ní aránṣọ gba ilé mọ́ ìyá ẹ̀ lọ́wọ́!"

"Kí wọ́n máa wí. Ẹnu wọn kò lè gbà á lọ́wọ́ rẹ."

Àwọn ẹlẹ́rìí dé. Mo kó bẹ́ẹ̀dì, ìkòkò àti ẹní ìkírun mi jáde níṣojú wọn, mo sì na kọ́kọ́rọ́ sí i. Ó kúnlẹ̀, ó gbà á, ó ń sunkún. Èmi kò sunkún. N kò tíì sunkún láti ìgbà tí ọkọ mi ti kú. Bóyá ó ń bọ̀.

Èéfín ilé ìdáná máa ń wọlé sí mi lówùúrọ̀. Tí mo bá fẹ́ lọ sí iwájú ilé, mo máa ń dúró lẹ́nu ọ̀nà, màá ṣe sàlámà, màá dúró títí ọmọ mi yóò fi dáhùn.

"Màámi, ilé yín mà ni!"

"Má jẹ́ kí ẹlẹ́rìí gbọ́," màá wí, lẹ́yìn náà ni màá wọlé bí àlejò.

Ẹ̀yin tí ẹ ń ka èyí, kí Ọlọ́run fi ẹ̀mí yín gùn nínú àlàáfíà. Kí ó má jẹ́ kí ìfẹ́ yín ṣìnà lórí ìwé. Kí gbogbo ẹni tí ẹ tọ́ rí ibi forí pamọ́ sí lẹ́yìn yín. Àmín.