Ìbéèrè Kẹta

Ọdún kejì ní sẹ́kọ́ńdìrì ni mo ti dá ẹ̀kọ́ dúró, nígbà tí bàbá mi kú. Àbúrò ìyá mi obìnrin, tó jẹ́ olùkọ́ ní kọ́lẹ́ẹ̀jì kan ní Ọ̀yọ́, ló wá mú mi ní Ìrẹsà pé kí n máa bá òun gbélé. Àǹtí ni mo ń pè wọ́n. Ọdún kẹfà nìyẹn tí Àǹtí ti ń lépa oyè ọ̀mọ̀wé nínú ẹ̀kọ́ nípa bí ọkàn ọmọdé ṣe ń gba ìmọ̀. Wọ́n ní bí àwọn bá ti gba oyè náà, èmi náà á padà sí kíláàsì. Lọ́jọ́ tí wọ́n sọ ọ́, mo fọ yunifọ́ọ̀mù mi àtijọ́, mo ká a sí ìsàlẹ̀ àpótí.

Ohun tí Àǹtí fẹ́ mọ̀ ni bóyá ọmọ tó ní ẹ̀gbọ́n àti àbúrò púpọ̀ máa ń pẹ́ kó tó mọ ìwé kà. Wọ́n ti lọ dán àwọn ọmọ ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ wò ní agbègbè Ìrẹsà. Ó wá ku àwọn ìyá wọn, tí a óò bi ní ìbéèrè mẹ́wàá mẹ́wàá. Nítorí pé ọmọ ibẹ̀ ni mí, èmi ni wọ́n rán. Sáàpù, ètò ìjọba tó sọ ọjà di ọ̀wọ́n, ti dé nígbà yẹn, bébà wọ́n bí ojú. Wọ́n ní kí n má ba ẹyọ kan jẹ́.

Mo ka ìbéèrè kẹta: Ọmọ mélòó ni ẹ bí? Mélòó ló wà láyé?

"Àǹtí, a kì í ka ọmọ fún ọlọ́mọ."

"Ta lo ń sọ fún? Ṣé òyìnbó ni mí ni?" Wọ́n rẹ́rìn-ín. "Ìwé ló ń bi wọ́n, kì í ṣe ìwọ. Ṣáà kúnlẹ̀ dáadáa, kí o bẹ̀ wọ́n."

Mo wọ ọkọ̀ dé Ọjà Igbó, mo tún wọ òmíràn lọ sí Ìrẹsà. Ní ilé àkọ́kọ́ tí mo yà, obìnrin mẹ́ta ń bó ẹ̀gúsí lábẹ́ igi máńgòrò. Mo kúnlẹ̀. Ìbéèrè kìíní àti èkejì lọ geere. Nígbà tí mo dé ìkẹta, ohùn mi wọlẹ̀.

"Kí lo wí?" ni èyí tó dàgbà jù láàárín wọn bi mí.

Mo tún un sọ.

"Háà! Ìwọ ọmọ yìí, ṣé o fẹ́ rà wọ́n ni?"

Èkejì ní, "Ẹ má dá a lóhùn jàre. Ọ̀yọ́ ló ń gbé báyìí, ó rò pé adìyẹ la kó sílé."

Àwọn méjèèjì rẹ́rìn-ín. Ẹ̀kẹta kò rẹ́rìn-ín. Ó gbé àtẹ ẹ̀gúsí rẹ̀ sílẹ̀, ó dìde, ó wọlé lọ.

Àgbà náà wò mí. "O rí nǹkan tí o ṣe? Oṣù tó kọjá ló sin ọmọ rẹ̀."

Láti ilé kejì, mi ò bi ẹnikẹ́ni ní ìbéèrè kẹta mọ́. Ọmọ tí mo bá rí lágbàlá ni mo ń fi ojú kà, bí mo bá sì dé ojú ọ̀nà, màá kọ ọ́ sílẹ̀ pé gbogbo wọn ló wà láyé. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni mo fi rìn bẹ́ẹ̀. Àǹtí gba fáìlì lọ́wọ́ mi, wọ́n ní, "O ṣeun, ọmọ mi. O ti bá mi parí ẹ̀." Mo fẹ́ sọ. Ilé ìdáná ni mo wọ̀ lọ.

Ó pẹ́ tí wọ́n fi ṣírò, tí wọ́n fi tẹ̀ ẹ́. Ọ̀jọ̀gbọ́n tó ń bojú tó iṣẹ́ wọn kò tilẹ̀ kà á jìnnà. Ohun kan ló bi wọ́n: ṣé ní gbogbo agbègbè yẹn, kò sí ìyá kan tí ọmọ kú mọ́ lọ́wọ́?

Àǹtí dé, wọ́n dúró lẹ́nu ọ̀nà ilé ìdáná, wọ́n bi èmi náà. Mo jẹ́wọ́. Ì bá sàn kí wọ́n gbá mi létí. Wọ́n kàn jókòó sórí àpótí ìdáná, pẹ̀lú báàgì lọ́wọ́ wọn. Ọdún tí yunifásítì fún wọn ti pé. Kò sí bébà mọ́, kò sì sí àyè láti tún un ṣe.

"Ọmọ mélòó ni ìyá rẹ bí?" ni wọ́n bi mí.

Wọ́n mọ̀ ọ́n. Ẹ̀gbọ́n wọn ni ìyá mi, àwọn ni wọ́n bá a gbé òmíràn nínú àwọn ọmọ rẹ̀ lọ sí ọsibítù tí a ò gbé e bọ̀. Mo la ẹnu, mo pa á dé.

"Èmi náà ò lè sọ ọ́," ni wọ́n wí. "Mo sì rán ọ."

Àǹtí ò dárúkọ oyè náà mọ́. Èmi náà ò béèrè kíláàsì. Nígbà tí mo tún ṣí àpótí aṣọ mi, yunifọ́ọ̀mù náà ò gba èjìká mi mọ́. Mo fà á ya, òun ni mo fi ń nu tábìlì tí Àǹtí máa ń kàwé lórí rẹ̀ tẹ́lẹ̀.